Ṣíṣí páànù 1978: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ òrùlé ilé wa n'Ìbàdàn

Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́fà, pálọ̀ kan láàárín, pẹ̀lú ilé ìdáná tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn ní 1993. Bàbá wa ló kọ́ ọ. Ọdún 1978 ni wọ́n kan páànù rẹ̀, páànù onírin tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tó bo orí ilé lọ rẹrẹẹrẹ láti Mápó dé Òkè-Àrẹ̀. Òrùlé náà dà sí iwájú àti sí ẹ̀yìn. Ògiri onígun mẹ́ta sì dúró ní ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Màmá wa ló ń gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú ìdílé ayálégbé kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 la ṣí páànù yẹn kúrò.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ òrùlé délẹ̀, gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀, àwọ̀ páànù ni wọ́n ń bá mi sọ. Kò sí ẹni tó bi mí pé báwo ni igi abẹ́ rẹ̀ ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ igi ló ń gbé páànù dúró. Owó tí èèyàn bá ná sórí páànù olówó ńlá nígbà tí igi ti jẹrà, òjò àti ìjì ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, kó kọ́kọ́ gun àjà kó tó gba ọ̀dọ̀ onípáànù lọ.

Òkúdù 2023: kò ṣe é lẹ̀ mọ́

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ilé yẹn ti ń jò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn á pe ẹnì kan, yóò gun òkè, yóò fi ọ̀dà dúdú kun orí ìṣó, yóò fi fẹ́ẹ̀lì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ọ̀dà rin, bo ojú ihò, yóò gba owó rẹ̀. Òjò méjì mẹ́ta á rọ̀ tí kò ní jò, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ibi tí ọ̀ràn yẹn ti ń wá yé mi báyìí. Síǹkì tó wà lára páànù ló ń fi ara rẹ̀ jìn kí irin abẹ́ rẹ̀ má baà dógùn-ún. Tí síǹkì bá tán, irin kò ní aṣọ lára mọ́. Ibi tó sì ti ń kọ́kọ́ tán ni ibi tí páànù kan ti gun èkejì, nítorí omi máa ń há sáàárín àwọn méjèèjì tí kì í tètè gbẹ. Páànù ayé ìgbà náà kò gùn, bíi mítà 2.4 ni. Láti ṣóńṣó òrùlé wa dé etí rẹ̀ lé ní mítà 5, nítorí náà páànù mẹ́ta ló gun ara wọn ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Tí èèyàn bá dúró lójú títì, yóò rí ìlà pupa méjì tó là á já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n ti gun ara wọn.

Orí ìṣó náà ní tirẹ̀. Oòrùn ń mú irin gùn, òru ń mú un súnkì, lójoojúmọ́ fún ọdún tó lé ní ogójì. Ìṣó dúró lójú kan, páànù ń lọ ó ń bọ̀ lára rẹ̀, ihò sì ń gbòòrò. Ẹni tó gòkè lọ lẹ̀ ẹ́ tún ń tẹ páànù tó ti fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń dá ihò tuntun sílẹ̀ níbi tó gbẹ́sẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí ilé wa fi ń jò sí yàrá kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá tún ti àkọ́kọ́ ṣe.

Nígbà tí yàrá Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní Òkúdù, mo lọ pe káfíńtà àgbà kan ládùúgbò, ẹni tó ti mọ Bàbá wa. Ó gun àkàsọ̀, kò tilẹ̀ tẹ orí páànù náà. Ó fi ìka méjì tẹ etí rẹ̀, etí náà sì já sí i lọ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi, ọ̀dà tí ẹ ń kùn yìí, kí lẹ fẹ́ kó dì mọ́? Irin ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìpẹtà lẹ ń lẹ̀."

"Bàbá, ṣé kò lè gbà wá di ọdún tó ń bọ̀?"

"Ẹ fi tapólì bo apá ibi tí ìyá yín ń sùn sí, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gun ibẹ̀. Tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wo inú àjà."

Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nìyí, fún ẹni tó wà níbi tí mo wà nígbà náà. Tó bá jẹ́ ojú kan ló ń jò, tí páànù yòókù sì le koko, ìṣó àti páànù kan péré ni kó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibi tí páànù ti gun ara wọn bá ti jẹ, tí jíjò náà ń ṣí kiri láti yàrá sí yàrá, tí ìṣó tuntun kò sì rí ohun tó lè dì mú, owó lílẹ̀ ti di owó àdànù. Kó máa kó o jọ fún òrùlé tuntun. Ojú ibi tí omi ti ń kán sí èèyàn lórí kọ́ sì ni ojú ibi tó ti wọlé. Omi máa ń tẹ̀lé igi rìn kó tó jábọ́. Ti yàrá Màmá, ìtòsí ṣóńṣó ló ti wọlé, ó rìn jìnnà kó tó rí ibi kán sí.

Ògún: inú àjà

Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún níhìn-ín. Ìsinmi yẹn kò tó láti ṣí òrùlé, nítorí òjò Ọwẹ́wẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń le. Ṣùgbọ́n ó tó láti gòkè lọ wò. Ọ̀sán gangan la lọ, nígbà tí oòrùn wà lókè orí. Bí a ṣe wọlé tán, Bàbá Káfíńtà ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ hàn kedere nígbà náà: lórí gbogbo ìlà ìṣó, àti ní ìlà méjèèjì tí mo rí láti títì. Mo dẹ́kun kíkà wọn.

Àwọn àgbà ní òrùlé ló bo àjà mọ́lẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ti wa kò ṣeé fi ojú ìta mọ̀. Ìgbẹ́ àdán ti ga ní igun ìwọ̀-oòrùn. Wáyà iná tí wọ́n fi bébà olóòróró wé ojú rẹ̀ sùn sórí igi tó tutù. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀ níbẹ̀, orí igi ìdábùú nìkan, torí sílìn abẹ́ rẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ ọmọdé.

Bàbá Káfíńtà mú skrudráfà gígùn kan dání, ó ń fi í gún igi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ráfítà, ìyẹn igi tó sọ̀ kalẹ̀ láti ṣóńṣó dé etí, ìrókò ni Bàbá wa rà ní 1978. Skrudráfà kò wọ̀ wọ́n. Ó gbá wọn, wọ́n ń dún gbàn-ìn gbàn-ìn. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ ohùn yẹn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọ́ọ̀lù-pléètì ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn igi tó sùn sórí ògiri tí gbogbo ráfítà gùn, irin náà wọ̀ ọ́ títí dé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Ikán ti mọ ọ̀nà láti ìdí ògiri gòkè wá, wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán, èèpo ló ṣẹ́ kù. Igi tí wọ́n fi so ilé ìdáná mọ́ ilé ní 1993 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: arère funfun lásán ni, tí wọn kò fi oògùn kankan pa lára. Ìyẹ̀fun ń dà láti inú ihò kéékèèké rẹ̀ bí a ṣe fọwọ́ kàn án.

A ta okùn láti ìpẹ̀kun ṣóńṣó kan dé èkejì. Láàárín, igi náà ti rọ̀ kúrò lábẹ́ okùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6. Ìdí rẹ̀ ni pé opó kan tó yẹ kó gbé e ti yẹ̀ kúrò ní ìdí nígbà tí igi abẹ́ rẹ̀ jẹrà. Ohun kan tún wà tó bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ: kò sí ohun tó so òrùlé náà mọ́ ògiri àyàfi ìṣó. Ìjì máa ń fa òrùlé sókè ni. Bó ṣe ń sáré gba orí rẹ̀ kọjá ló ń fà á, èyí tó bá sì ráyè wọlé lábẹ́ etí rẹ̀ ń tì í sókè pẹ̀lú. Ìṣó tí wọ́n gbá sísàlẹ̀ sínú igi jíjẹrà kò lè kojú ìyẹn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ìpinnu ti wà nílẹ̀. Gbogbo páànù yóò kúrò. Ìrókò yóò dúró. Wọ́ọ̀lù-pléètì ẹ̀yìn, gbogbo igi ilé ìdáná, àti gbogbo pọ́lìnì, ìyẹn igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí a ń kan páànù mọ́, la óò pààrọ̀. Ìpinnu yẹn kò ní ṣeé ṣe láti ìsàlẹ̀. Tí a bá ní ká pe onípáànù tààrà, ìrókò yẹn ni ì bá kọ́kọ́ kó lọ.

Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà: páànù wo?

Ọ̀rọ̀ dé orí WhatsApp ẹbí. Bùọ̀dá wa tó wà ní London, òun ló ń gbé ìdajì owó sílẹ̀, ó fẹ́ irú páànù onírin tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lójú. Ó ṣàlàyé pé ariwo òjò kì í pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, pé ó sì lẹ́wà. Òótọ́ ni méjèèjì. Mo fèsì pé ó wúwo ju alumíníọ́mù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, pé igi tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta, àti pé ó nílò igi tó súnmọ́ ara wọn ju tiwa lọ. Àǹtí wa ní tòun, kó ṣáà pupa. Àbúrò wa kan dá a lábàá pé ká kan páànù tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ká lè dín owó kù. Èyí ni mo takò jù. Omi tó bá há sáàárín àwọn méjèèjì kò ní ríbi gbà jáde, alumíníọ́mù tó bá sì fara kan irin dídógùn-ún nínú omi, kíákíá ló ń jẹ. Èyí tó tún burú ni pé a óò ti bo igi mọ́lẹ̀ láì fọwọ́ kàn án.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi níkẹyìn, ó sọ̀rọ̀ sí i: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Èyí tí kò ní jẹ́ kí n máa gbé abọ́ kiri inú ilé lóru ni kẹ́ ẹ kàn sí i fún mi." Bùọ̀dá wa ní ó ti parí.

A mú alumíníọ́mù gígùn, ti mílímítà 0.55, tí wọ́n ń gé láti ṣóńṣó dé etí láì ní oríkèé kankan láàárín. Ìlà pupa méjì tó jẹ ilé wa kò lè tún rí ibi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wíwọ̀n rẹ̀ kò gba pé kí èèyàn gun òkè. Láti àárín ilé dé etí òrùlé, tí a bá wọ̀n ọ́n nílẹ̀ gbalaja, jẹ́ mítà 5. Ṣóńṣó fi mítà 2 ga ju etí lọ. Ìlọ́po 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, àpapọ̀ jẹ́ 29, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 5.39, ìyẹn ni iye mítà láti ṣóńṣó dé etí. A ní kí wọ́n gé e ní mítà 5.5, kó lè yọ díẹ̀ sórí gọ́tà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ ni nínípọn. Páànù 0.45 àti 0.55 kò yàtọ̀ lójú, ọwọ́ lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í parọ́. Mítà onígun mẹ́rin kan alumíníọ́mù tó nípọn ní mílímítà kan jẹ́ kílò 2.7. Tó bá jẹ́ pé rólù, ìyẹn alumíníọ́mù pẹlẹbẹ tí wọ́n ká jọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2 ni wọ́n fi tẹ páànù náà, mítà kan rẹ̀ ní gígùn gbọ́dọ̀ wọn nǹkan bíi kílò 1.78 tó bá jẹ́ 0.55 lóòótọ́. Tó bá jẹ́ 0.45, kò ní ju nǹkan bíi 1.46 lọ. Mo mú òṣùwọ̀n ìfikọ́ lọ sọ́jà. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n kọ 0.55 gàdàgbà sára páànù. Mo ní kí wọ́n fún mi ní mítà kan tí wọ́n gé kù, mo gbé e kọ́. Kò tó kílò kan àbọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní òṣùwọ̀n mi ló bàjẹ́. Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo jáde. Níbi tí a ti rà á níkẹyìn, wọ́n gbé rólù náà sórí ẹ̀rọ lójú wa, wọ́n fi maikirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nínípọn, wọ̀n ọ́n ká tó sanwó, a sì gbé e kọ́ òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Ó pé.

Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ la mú, eérú fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí oòrùn. Àǹtí wa kò bínú.

Bélú: ọjà pákó

Ọjà pákó Bódìjà ni mo ti ra igi, pẹ̀lú Bàbá Káfíńtà. Bí o kò bá mọ igi, má dá lọ. Igi tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ayùn ló kún ibẹ̀. Tí èèyàn bá kàn án bẹ́ẹ̀ sórí ilé, yóò máa lọ́ bó ṣe ń gbẹ, ìṣó yóò sì máa yọ. Bàbá ń yan án lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gbé ìpẹ̀kun rẹ̀ sójú, yóò wo gígùn rẹ̀ dé òdìkejì, yóò gbé e jù sápá kan. Àpá la rà fún wọ́ọ̀lù-pléètì, ọ̀pẹ̀pẹ̀ fún pọ́lìnì. Ikán kì í fẹ́ràn wọn. Wọ́n gba òógùn lọ́wọ́ ẹni tó ń lù wọ́n ní ìṣó, ṣùgbọ́n ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń tọ́.

A tò wọ́n sábẹ́ bàrákà ẹ̀yìnkùlé, a fi igi wẹ́wẹ́ ya ara wọn kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, a fi wọ́n sílẹ̀ títí ọyẹ́ fi mú. Lẹ́yìn náà la fi oògùn apakòkòrò kùn wọ́n. Níbikíbi tí ayùn bá sì ti gé wọn lẹ́yìn ìyẹn, a tún ń kun ojú gígé náà kí a tó gbé e gòkè, torí ojú yẹn ni kòkòrò kọ́kọ́ ń wá.

Ṣẹ́rẹ́ 2024: ṣíṣí

Láàárín Ọ̀pẹ àti Èrèlé ni mo gbà pé kí èèyàn ṣí òrùlé ní ìhà tiwa níhìn-ín. Òjò kì í sábà rọ̀, igi gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Síbẹ̀ a kò ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣí ẹ̀yìn, a parí ẹ̀yìn, a tó bọ́ sí iwájú. Màmá lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Ayálégbé wa kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá iwájú, a sì yọ owó oṣù yẹn fún un.

Ohun tó gba ìṣọ́ra jù kì í ṣe páànù. Sílìn ilé wa, asbestos ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àkókò yẹn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ní àwọn ilé mìíràn: wọn á fi òòlù fọ́ ọ, eruku funfun á bo gbogbo ilé, àwọn ọmọdé á máa fi èérún rẹ̀ kọ nǹkan sára ògiri. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo irú asbestos ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ní ẹ̀dọ̀fóró àti níbòmíràn. Okùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí ogójì kí àrùn tó jáde lára ẹni tó fà á símú. Nítorí náà, a fi omi wọ́n sílìn náà títí ó fi rin, a yọ ìṣó rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ lo ìbòmú tó dì pinpin, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ṣe é ni wọ́n fọ̀ lọ́tọ̀. A kò fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, aṣọ tútù la fi nu ún. A di sílìn náà sínú ọ̀rá méjì, a gbẹ́ kòtò jíjìn fún un níbi tí kò sí kànga, a bò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ún, kí wọ́n má sì fi ṣe ọgbà ewúrẹ́.

Nígbà tí páànù ẹ̀yìn kúrò, tí oòrùn wọnú àjà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1978, Bàbá Káfíńtà dúró lórí ògiri, ó ń wo oríkèé àwọn ìrókò. Wọ́n gbẹ́ ojú wọn wọ ara wọn ni, kì í ṣe pé wọ́n kàn fi ìṣó dì wọ́n. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù: "Gòkè wá, wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Iṣẹ́ dúró díẹ̀ kí ọmọ náà lè fọwọ́ tọ́ gbogbo oríkèé yẹn wò.

Wọ́ọ̀lù-pléètì tuntun wọlé. A gbẹ́ ihò sínú lẹ́ńtù, ìyẹn kọnkéré orí ògiri, a ki bóòtù sí i, a fi nọ́ọ̀tì de igi náà mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà a fi irin pẹlẹbẹ so ráfítà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí ìjì ti sábà máa ń wá, ni irin náà ti nípọn jù. A fi jáàkì gbé ṣóńṣó tó rọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, a ki opó tuntun sábẹ́ rẹ̀ títí okùn fi fara kan án láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Oníná tún gbogbo wáyà fà sínú páìpù kí a tó bo òrùlé.

Kíkan

Páànù fúnra rẹ̀ kò pẹ́ rárá, torí igi ti tọ́. Àwọn nǹkan díẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo dúró tì wọ́n lórí, mo sì rọ ẹnikẹ́ni kó dúró tì í bẹ́ẹ̀.

Ìjì tiwa, pàápàá ti àkọ́rọ̀ òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń bì. Nítorí náà ìwọ̀-oòrùn la ti bẹ̀rẹ̀ kíkan, a ń bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn, kí etí páànù tó wà lókè lè kọ ẹ̀yìn sí ìjì. Tí a bá kàn án lódìkejì, ńṣe ni afẹ́fẹ́ yóò máa wọ abẹ́ etí kọ̀ọ̀kan, tí òjò yóò máa tẹ̀lé e. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ni ìṣó ń gbà wọlé, kì í ṣe inú ibi tó kó sísàlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. Rọ́bà abẹ́ ìṣó gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbá a títí rọ́bà náà fi ya, ó ti da ihò sílẹ̀ fún òjò. Alumíníọ́mù ń gùn nínú oòrùn tó ìlọ́po méjì irin. Bí ooru orí rẹ̀ bá fi 40 ga lórí ìwọ̀n Celsius láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán, páànù mítà 5.5 yóò fi nǹkan bíi mílímítà 5 gùn sí i. Rọ́bà yẹn ló ń gba ìlọ àti ìbọ̀ náà mọ́ra.

Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgérin gé páànù nítorí ó yá. Bàbá dá a dúró, ó fún un ní àlùmọ́gàjí ìgépáànù. Iná tó ń ta láti ẹnu ẹ̀rọ yẹn máa ń jó ọ̀dà ara páànù, èérún irin tó bá sì bọ́ sórí rẹ̀ yóò dógùn-ún síbẹ̀ lẹ́yìn òjò kan. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń gbá èérún kúrò lórí òrùlé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìparí ṣóńṣó méjèèjì, nínú ògiri onígun mẹ́ta, a dá ojú atẹ́gùn sí i, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i kí àdán má baà padà. Ooru inú yàrá dín kù lọ́sàn-án tó bẹ́ẹ̀ tí ayálégbé wa fi bi mí ohun tí a ṣe.

Ẹrẹ́nà: àkọ́rọ̀ òjò

Ìjì àkọ́kọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé páànù ilé kan ládùúgbò wa lọ sójú títì. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, a dúpẹ́. Mo gun àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́. Ó gbẹ níbi gbogbo, àyàfi ojú kan: ibi tí òrùlé ilé ìdáná ti lọ pàdé ògiri ńlá. Bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì dí ẹnu rẹ̀ tààrà mọ́ alumíníọ́mù. Sìmẹ́ńtì yẹn ti sán bí páànù ṣe ń gùn tó ń súnkì, omi ń gba ibẹ̀ wọlé. Sìmẹ́ńtì tútù tilẹ̀ máa ń jẹ alumíníọ́mù fúnra rẹ̀. Bàbá Káfíńtà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó la ojú tóóró sára ògiri lókè, ó ki etí páànù pẹlẹbẹ kan sínú rẹ̀ kó lè sọ̀ kalẹ̀ bo ti ìsàlẹ̀ láì dì mọ́ ọn. Òjò tó tẹ̀lé e le ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ gbẹ.

Èyí tó kù lọ́wọ́ wa báyìí ni gọ́tà ẹ̀yìnkùlé, nítorí ọ̀sọ̀rọ̀ ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ìdí ògiri, ibẹ̀ ni ikán àtijọ́ sì ti gbéra. A óò fà á wọ tánkì kí òjò Èbìbì tó dé. Sílìn tuntun yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n a óò fi ojú ihò kan sílẹ̀ ní pálọ̀ tí àgbàlagbà lè gbà gòkè, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lè máa wo igi náà ní Bélú ọdọọdún, kó fi skrudráfà gún wọ́ọ̀lù-pléètì ẹ̀yìn wò. Páànù 1978, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé e lọ.